Igi Ayò ní Bantè àti Savalou

Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ta kora lórí igi tó ń so ọmọ ayò. Àwọn kan ní ó kún etíkun ilẹ̀ olóoru; òmíràn ní ó ti tán nínú igbó orílẹ̀-èdè Benin. Òótọ́ ni méjèèjì.

Igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún ni, a máa fà gun igi mìíràn. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀gún sì bo èso rẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ eérú inú èso náà ni à ń fi mẹ́rin-mẹ́rin sí ihò 12 ọpọ́n ayò, tí wọ́n fi ń pé 48.

Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ló lọ́jú pọ̀ jù. Linnaeus pè é ní Guilandina bonduc ní 1753. Ní 1762 ó tún mú Guilandina bonducella jáde. Ìwé Roxburgh tó jáde ní 1832 kó o sínú Caesalpinia. Orúkọ Caesalpinia crista náà tún dà pọ̀ mọ́ ọn, títí Dandy àti Exell fi tú okùn náà ní 1938: aláwọ̀ eérú ni bonduc. Tiwọn ni mo gbà. Ní 2016 wọ́n tún dá Guilandina padà. Ìyẹn kò ní kí ayò má jẹ́ ayò.

Ṣé òkun ló gbé e dé? Ọmọ rẹ̀ ń léfòó lóòótọ́. Onímọ̀ Hans Sloane kọ ọ́ ní 1696 pé omi ń gbé irú rẹ̀ jù sí èbúté Orkney ní Scotland. Ṣùgbọ́n Savalou, ní Benin, fi ohun tó ju 150 kìlómítà jìnnà sí òkun. Lójú tèmi, ọwọ́ ènìyàn ló mú un wọ àárín ilẹ̀: ayò ni àwọn Ìṣà ní Bantè ń pè é, adji sì ni àwọn Fọ̀n, ìbátan Máhì Savalou, ń pe eré ayò.

Gbòǹgbò rẹ̀ ló kó bá a. Wọ́n ń sè é fún àgbà ọkùnrin tí próstéètì kò jẹ́ kó tọ̀ geere, ẹni tó bá sì wú gbòǹgbò ti pa igi. Ìwé tí Neuenschwander, Sinsin àti Goergen ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2011, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tẹ̀ jáde, kà á mọ́ èyí tó tán nínú igbó; ẹ̀yìnkùlé ló kù sí.

Àwọn onímọ̀ tún ń ṣèwádìí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń hù. Èèpo ọmọ rẹ̀ le débi pé omi kì í tètè wọ̀ ọ́, àfi kí a kọ́kọ́ ha á.