Bí Ó Ti Yẹ Kí A Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Ìtàn Òwò Ẹrú

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa òwò ẹrú, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò pọ̀: Òyìnbó dé, ó kó wa lẹ́rú, Òyìnbó mìíràn dé, ó dá wa sílẹ̀. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ kò lóhùn rárá. A tà á, a rà á, a tú u sílẹ̀, ó parí. Èyí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni, ààbọ̀ òtítọ́ a sì máa ṣi ọmọ lọ́nà.

Ọ̀ràn yìí kan gbogbo wa ní Nàìjíríà. Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni a yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró, kúrò nínú ètò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdírì kékeré. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìpadàbọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà ti padà, ó tó àkókò kí a bèèrè bí a ó ti kọ́ apá tí ó korò jù nínú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi sí iwájú ọmọ ni ìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olaudah Equiano kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1789, pé ọmọ ọdún 11 ni òun nígbà tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ fo ògiri wọ agbolé àwọn ní ilẹ̀ Ìgbò, nígbà tí àwọn àgbà ti lọ sí oko, tí wọ́n sì jí òun àti arábìnrin òun gbé. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ni ó kọjá kí ó tó fi ojú kan òkun àti ọkọ̀ Òyìnbó. Ní ọdún 1766 ni ó fi pọ́ùn 40 tí ó rí nínú òwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ra ara rẹ̀ padà. Ìwé ìrìbọmi kan ti ọdún 1759 sọ pé Carolina ní Amẹ́ríkà ni a ti bí i, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Kí olùkọ́ má ṣe fi èyí pamọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé ẹ̀rí méjèèjì yẹ̀ wò, nítorí bí a ṣe ń wá ìdí ìtàn nìyẹn.

Ìkejì ni pé kí a má ṣe bo ẹ̀bi àwọn baba wa mọ́lẹ̀. Antera Duke, oníṣòwò Efik ní Calabar, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìrántí láti ọdún 1785 sí 1788, nínú èyí tí títa ènìyàn fún àwọn ọkọ̀ òkun jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ bí iṣẹ́ mìíràn. Ní Calabar kan náà, ní ọdún 1767, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú apá kan ìlú láti dẹ tàkúté fún apá kejì. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó méjì nínú ìdílé ọlọ́lá Robin John, tí àwọn fúnra wọn ti ń ta ẹrú, lọ tà ní òkè òkun. Ó di ọdún 1774 kí wọ́n tó padà sílé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi èyí dá àwọn tí ó rà láre. Àwọn ni ó ni ọkọ̀, àwọn ni ó ni oko ìrèké. Àwọn onímọ̀ sì ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí a kó sínú ọkọ̀ wọnnì lé ní mílíọ̀nù 12, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 nínú wọn sì kú sójú omi.

Ìkẹta, kí ọmọ mọ̀ pé òmìnira kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Àwọn ẹrú ilẹ̀ Haiti dìde ní ọdún 1791, wọ́n sì fi ogun gba orílẹ̀-èdè tiwọn ní ọdún 1804, kí Ìlú Ọba tó fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Zong ju ènìyàn tí ó lé ní 130 sínú òkun ní ọdún 1781, tí àwọn olówó ọkọ̀ sì ń bèèrè owó adójútòfò lórí wọn, Equiano ni ó lọ fi ọ̀ràn náà tó Granville Sharp létí ní ọdún 1783. Nígbà tí òfin ọdún 1833 sì fi òpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, mílíọ̀nù pọ́ùn 20 ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Kí a sọ èyí, kí a sì yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, tí a fi mú un dé Freetown, níbi tí ó ti kàwé.

Ọ̀ràn ilé ni ó kù. Oko ẹrú kò tán nígbà tí ọkọ̀ òkun lọ. Ní Àríwá Nàìjíríà, ìjọba sọ ọmọ tí a bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1901 di òmìnira, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1936 kí òfin tó pa ipò ẹrú rẹ́ pátápátá. Ní Ìlà-Oòrùn, ọdún 1956 ni a ṣe òfin láti gba àwọn Osu lọ́wọ́ ẹ̀gàn tí a fi ń tì wọ́n sẹ́yìn láwùjọ. Nítorí náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú kíláàsì, ọmọ-ọmọ ẹni tí a tà lè jókòó ti ọmọ-ọmọ ẹni tí ó tà á. Kí olùkọ́ má ṣe bèèrè ìdílé tí ó ní ẹrú rí. Kí ó má sì ṣe ní kí àwọn ọmọ ṣe eré ọjà ẹrú, kí a máa fi okùn so ọwọ́ ẹnìkan. Ẹ̀sín tí yóò tẹ̀lé e kò ní tán nígbà tí agogo bá lù.

Àwọn àgbà wa ní, ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ní ilé ìyá ọmọ tí a jí gbé, kí ẹ tó dé inú ọkọ̀, kí ẹ tó dé orí òfin.