Òjé

Òjé (ọ̀rọ̀ orúkọ): irin rírọ̀ tó wúwo, aláwọ̀ eérú. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá máa ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Lónìí, inú bátìrì ọkọ̀ àti ti ínfátà ló pọ̀ sí jù.

Bátìrì tó ti kú ní Challenge tàbí Bódìjà, ní Ìbàdàn, kì í ṣe pàǹtí lásán. Ẹni tó bá yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí iná ń fa májèlé símú. Ní Olódó, ní Ìbàdàn kan náà, pàǹtí òjé tí wọ́n kó wá láti ilé iṣẹ́ bátìrì ba ilẹ̀ jẹ́.

Nínú ara, òjé máa ń gba ipò kálísíọ́ọ̀mù, èyí tí àwọn iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Iṣẹ́ wọn á sì dàrú. Ọwọ́ àgbàlagbà lè rọ. Gìrì lè mú ọmọdé, ẹ̀kọ́ sì lè nira fún un. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹ má yọ́ bátìrì nínú àgbàlá. Kí òṣìṣẹ́ bátìrì wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ, kó tó gbé ọmọ rẹ̀.