Èèrí, Kúlíkúlí àti Oúnjẹ Ẹja: Ìtàn Ọdún 1960

Bí a bá fetí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣíṣe nílẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ kì í ṣàìní orúkọ tirẹ̀. Èyí tó kù nínú asẹ́ nígbà tí a bá sẹ́ ògì ni èèrí. Èyí tó kù nígbà tí a bá fún epo pupa ni ihá, tí àwọn àgbà fi ń dáná. Kúlíkúlí, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Hausa, ni ohun tó kù nígbà tí a bá fún òróró ẹ̀pà. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ ti ń jẹ èèrí tipẹ́tipẹ́. Lóde òní, ẹja àrọ̀ inú adágún àwọn ọlọ́sìn ti di alájọjẹ wọn.

Ṣùgbọ́n irú oúnjẹ báyìí ní ìtàn kan tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ló ti ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn tó ń sin ẹja trout ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀dọ̀ àti inú ẹran tútù tí wọ́n fi ń bọ́ ẹja sílẹ̀, wọ́n sì gba oúnjẹ gbígbẹ tó rọrùn láti tọ́jú. Kóró òwú tí a ti fún òróró rẹ̀ wà lára èròjà oúnjẹ náà, nítorí kò wọ́n, ó sì ní èròjà amáradàgbà púpọ̀. Nígbà tó di 1960, jẹjẹrẹ ti bo ẹ̀dọ̀ àìmọye ẹja trout ní ọ̀pọ̀ ibùdó ọ̀sìn.

Ní ọdún yẹn kan náà, ọmọ tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ kò rí orúkọ fún àrùn náà, wọ́n kàn pè é ní X. Ìwádìí tọ ipa rẹ̀ dé ìdí ìyókù ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Bràsíìlì. Ẹ̀pà náà ti bu. Ohun wẹ́wẹ́ bí olú, Aspergillus flavus, ló hù sí i, òun ló sì pọn oró sínú rẹ̀. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti gé a àti fla, wọ́n so toxin mọ́ ọn, ó di aflatoxin. (Ọgbọ́n ìgékúrú àti ìsopọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti bá wa jókòó níbi tí a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.) Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí oró kan náà nínú kóró òwú tí trout jẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú bílíọ̀nù tó láti dá jẹjẹrẹ sí ẹja yìí lára, iná ìdáná kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa oró náà.

Lójú tèmi, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn òwú tàbí ẹ̀pà. Ọ̀rinrin àti ìpamọ́ ló jẹ̀bi.

Ayé kò sì lè torí rẹ̀ kọ ìyókù ohun ọ̀gbìn sílẹ̀. Ní 1972, àpẹjù àti omi òkun tó móoru, èyí tí à ń pè ní El Niño, dín ẹja anchoveta kù gidigidi létíkun Pẹrú. Ẹja yìí ni wọ́n ń lọ̀ fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn káàkiri ayé. Owó ẹja lílọ̀ gbẹ́nu sókè, ọ̀pọ̀ sì yíjú sí ìyókù ẹ̀wà sóyà.

Nílé wa níbí, oúnjẹ ń jẹ ju ìdajì owó tí ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ ń ná lọ, ìdí nìyẹn tí kúlíkúlí, sóyà, àti ohun tó kù lára ekùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń béèrè. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní oró sáyánáìdì nínú: à ń rẹ ẹ́, à ń sá a. Sóyà tútù kì í jẹ́ kí ara lo èròjà amáradàgbà bó ti yẹ: à ń yan án. Rẹ, sá, yan: ọ̀rọ̀ ìṣe onísílébù kan ṣoṣo ni wọ́n, àwọn ìyá wa sì ti ń lò wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ aflatoxin. Ti kúlíkúlí ni kó gbẹ, kó sì wà ní gbígbẹ. Lásìkò òjò, àpò rẹ̀ tó bá fara kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ bu. Ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì da èyí tó bá ti bu mọ́ èyí tó dára.