Ọṣẹ, Òkìtì Pupa àti Omi Líle

Kí yàrá ìwádìí kẹ́míísìrì tó dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn ìyá wa ti ń dán omi wò. Ọṣẹ ni wọ́n ń lò. Omi tí ọṣẹ bá tètè hó nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń fọṣọ. Èyí tí ọṣẹ ò hó nínú rẹ̀, tó kàn ń di èérí funfun lójú omi, omi yẹn le nìyẹn. Kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù tí omi kó lára òkúta abẹ́ ilẹ̀ ló ń fà á.

Ní àwọn ọdún 1840, ohun kan náà ni Thomas Clark, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́míísìrì ní Aberdeen, ilẹ̀ Scotland, ṣe. Ó po ọṣẹ mọ́ ọtí líle, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò omi, ó ń mì ín títí ọṣẹ fi hó tí híhó náà ò sì tètè lọ. Ohun tó fi kún ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni pé ó ka iye ọṣẹ tó lò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iye yẹn ló jẹ́ kí èèyàn lè fi omi ìlú kan wé ti òmíràn láì débẹ̀.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1940, Gerold Schwarzenbach ní Zurich fi EDTA rọ́pò ọṣẹ, ìyẹn kẹ́míkà tí Ferdinand Münz ti ṣe ní Jámánì ní 1935. EDTA a máa di kálísíọ́mù mú bí akàn ṣe ń fi ọwọ́ di ẹran mú. Kódà, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ń pe ọwọ́ akàn ni wọ́n ti yọ orúkọ irú ìdìmú bẹ́ẹ̀, chelate.

Ọ̀nà yẹn la ṣì ń lò. Ẹ wọn omi 50 ml, ẹ fi bọ́fà sí i kí pH rẹ̀ jẹ́ 10, kí ẹ sì kán Eriochrome Black T sí i. Omi á pọ́n bíi wáìnì. Ẹ wá máa kán EDTA sí i láti inú burette. Bí pupa bá ti lọ pátá tó di búlúù, ẹ dúró. Bí EDTA 0.01 M tó wọlé bá jẹ́ 5 ml, líle omi náà jẹ́ 100 mg nínú lítà kan. Òdiwọ̀n omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 ò fẹ́ kó ju 150 lọ.

Ibi tó ti kan Ìkálẹ̀ gan-an rèé. Òkìtì tó pupa ni orúkọ Òkìtìpupa ń sọ, irin ló sì máa ń mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ́n. Bí irin bá pọ̀ nínú omi, á gbá Eriochrome mú, àwọ̀ ò sì ní yí bó ṣe yẹ. Ẹni tó kàn ń tẹ̀lé ìwé láìmọ ilẹ̀ tó dúró lé á máa retí búlúù tí kò ní dé. Ó ní láti kọ́kọ́ fi triethanolamine so irin yẹn lọ́wọ́. Ẹ má sì gbàgbé o: ìdánwò yìí ò rí kòkòrò àìsàn. Omi lè rọ̀, kó hó ọṣẹ dáadáa, kó ṣì pààyàn.

Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Òǹdó láti 2003 sí 2009, ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ló sì kọ́. Òfin 2008 ló dá yunifásítì sáyẹ́ǹsì Òkìtìpupa sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ lónìí. Burette ti sún mọ́ kànga nìyẹn. Àwa tí a ń kọ sọ́fíwíà mọ̀ pé iye tí kò síbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, bí ẹni tí ò kà á ni. Bí a ò bá kọ orúkọ kànga, ọjọ́ àti iye tó jáde síbi tí ará ìlú ti lè rí i, ẹni tó bá gbẹ́ kànga lọ́dún tó ń bọ̀ ní Ìkòyà tàbí Òde-Ayé, ọṣẹ náà ni yóò tún fi bẹ̀rẹ̀.