Àwọn Ọdẹ Òkè Láńgbòdó: Ẹ̀dá Tó Yàtọ̀ Nínú Ìtàn-Àròsọ Yorùbá

Ní ọdún 1938 ni ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ìwé tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ. Àwọn onímọ̀ ti yin èdè ìwé náà, wọ́n sì ti ṣe àlàyé àwọn iwin inú rẹ̀. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni irú ènìyàn tí òǹkọ̀wé náà kó jọ fún ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó.

Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n. Ààjà ti gbé e lọ rí ní kékeré. Ọlọ́hùn-iyọ̀ ni akọrin. Elégbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ní ti Àràmàdà-òkùnrin, ìgbà tí ooru bá mú àwọn ẹlòmíràn ni òtútù ń mú òun. Kò sí ẹni tó wá ìwòsàn fún un. Bí ara rẹ̀ ti rí ni ọba ṣe rán an níṣẹ́.

Òǹkàwé òde òní lè bèèrè bóyá ọ̀tísìm ni Fágúnwà ń ṣe àpèjúwe rẹ̀. Rárá o. Ọdún 1943, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé náà, ni dókítà Leo Kanner kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ 11 kan. Ọdún 1944 ni Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní ìlú Vienna. Síbẹ̀, a mọ̀ lónìí pé ariwo, ìmọ́lẹ̀, ooru tàbí òtútù lè wọ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ̀tísìm lára ju bó ti yẹ lọ, tàbí kí ó má tilẹ̀ wọ̀ wọ́n lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí ara rẹ̀ nínú Àràmàdà-òkùnrin. Ìjọra nìyẹn, kì í ṣe orúkọ àìsàn.

Yorùbá àtijọ́ ní ibi ìsádi fún àwọn kan. Ẹni òrìṣà ni abuké, arọ, aràrá àti àfín, nítorí pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n. Èèwọ̀ ni láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ara ni ojú ń rí. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í wo ojú ènìyàn, kò sí nínú orúkọ wọ̀nyí. Wọ́n lè pè é ní ẹlẹ́gbẹ́ tàbí èmèrè, kí ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ba ará ilé.

Ìwé Fágúnwà náà ní àbùkù tirẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn ọdẹ náà, iṣẹ́ tí olúkúlùkù lè ṣe ló sì fún un ní àyè. Ta ni yóò pe ẹni tí kò ní ẹ̀bùn ìyanu kankan?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń kọ ìwé kíkà fún ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ìbáà ṣe ní Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́. Ọmọ tó yàtọ̀ nínú ìtàn kò gbọdọ̀ jẹ́ iwin, kò sì pọn dandan kó jẹ́ akọni. Kó ní orúkọ, kó ní ọ̀rẹ́, kó sì sọ ti ẹnu rẹ̀, ìbáà ṣe pẹ̀lú ọwọ́. Ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló ni gbogbo wọn.