Irọ́ ni àbí òótọ́? Ohun tí ìtàn Libreville kọ́ wa nípa ẹ̀rọ tó ń yẹ ìròyìn wò

Ní ìdájí ọjọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 2019, àwọn ọmọ ogun kan já wọ ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Libreville, tíí ṣe olú ìlú orílẹ̀èdè Gabon.

Ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Kelly Ondo Obiang ka ìwé kan sórí afẹ́fẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ọdún tuntun tí Ààrẹ Ali Bongo bá aráàlú sọ ti mú kí iyèméjì pọ̀ sí i nípa bóyá ó ṣì lè ṣe ìjọba.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ń gbé ní Sibang, àdúgbò kan ní Libreville tí ọgbà àwọn igi ńlá ńlá wà láàárín ilé àti títì. Ó jí, ó gbọ́ rédíò, ó sì gbé fóònù rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìjọba ti kéde pé ìdìtẹ̀gbàjọba náà ti forí ṣánpọ́n. Wọ́n ní méjì nínú àwọn tó dìtẹ̀ ti kú, wọ́n sì ti mú Ondo Obiang.

Àmọ́ ìbéèrè kan ṣẹ́kù nílẹ̀ tí kò tíì tán lẹ́nu àwọn onímọ̀ títí di òní: báwo ni aráàlú ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tó bá dé orí fóònù rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ sì lè bá a ṣe é?

Fídíò ìṣẹ́jú méjì tó da ìlú rú

Láti oṣù Kẹwàá, ọdún 2018 ni wọn kò ti rí Ali Bongo nílé. Ìlú Riyadh ní Saudi Arabia ni àìsàn ti kọlù ú.

Ohun tí ìjọba kọ́kọ́ sọ ni pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, nítorí iṣẹ́ pọ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Morocco, kò sì sí àlàyé tó nítumọ̀. Oṣù Kejìlá ni igbákejì ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni.

Nígbà náà, àgbọ́sọ ti gba ìlú kan. Àwọn kan ní ó ti kú. Àwọn mìíràn ní ẹlòmíì tó jọ ọ́ ni wọ́n fẹ́ fi dípò rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, fídíò ọ̀rọ̀ ọdún tuntun jáde. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Ojú ààrẹ kò ṣẹ́ bó ṣe yẹ, apá rẹ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ mira, ohùn rẹ̀ kò sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn kan, títí kan olóṣèlú Bruno Ben Moubamba, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "deepfake" ni, ìyẹn fídíò tí kọ̀ǹpútà fi ojú àti ohùn ẹni gidi ṣe.

Àwọn onímọ̀ yẹ fídíò náà wò. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu wọn kò kò: ẹnìkan ní ohun kan níbẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn, àmọ́ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ayédèrú ni. Nígbà tó di ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn Washington Post gbé e fún ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni yí i padà. Ohun tí ojú rí níbẹ̀ bá ara ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe mu.

Ìyẹn ni pé fídíò gidi ni àwọn èèyàn rí, tí wọ́n sì pè é ní irọ́.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà. Ká ní ẹ̀rọ kan wà lọ́jọ́ náà tó lè sọ pé "wọn kò yí fídíò yìí padà", òótọ́ ló máa sọ. Àmọ́ kì í ṣe ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó wà ní Sibang nìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ààrẹ wà láàyè, bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́, àti ẹni tó ń ṣe ìjọba gan-an.

Kò sí ẹ̀rọ tó lè dáhùn ìyẹn nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sọ ọ́.

Nàìjíríà náà ti rí irú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní London fún ìtọ́jú. Wọn kò sọ irú àìsàn tó ń ṣe é fún aráàlú.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gbòde pé ó ti kú, pé ọmọ Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ló jókòó sí Aso Rock. Nnamdi Kanu, olórí ẹgbẹ́ IPOB, wà lára àwọn tó tan ọ̀rọ̀ náà ká jù.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 2018, nígbà tí ara Ali Bongo kò yá ní Morocco, Buhari fúnra rẹ̀ dìde ní orílẹ̀èdè Poland láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ pé òun gan-an nìyí.

Irọ́ ni ti Jubril. Síbẹ̀, ohun tó bí i kì í ṣe irọ́: ààrẹ ṣàìsàn lóòótọ́, ìjọba sì dákẹ́ lóòótọ́. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ bá ti pẹ́ ni àgbọ́sọ ti ń rí ilé kọ́.

Nígbà tí àgbọ́sọ pa èèyàn

Ọdún kan lẹ́yìn ìdìtẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn tún gba Libreville kan. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2020, ìròyìn ń fò láti fóònù kan sí òmíràn pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń kó ọmọdé.

Ìbẹ̀rù bo àwọn òbí. Ìjọba ní kí aráàlú má gba ìròyìn òfégè gbọ́. Àmọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù náà, inú bí àwọn èèyàn ìlú, wọ́n sì dá sẹ̀ríà fún àwọn tí wọ́n fura sí láàárín títì. Ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Fún àwọn tó kú yìí, wákàtí mélòó kan ti pẹ́ jù.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n ti pa èèyàn ṣòògùn rí ní Gabon. Ní ọdún 2013, àwọn èèyàn wọ́de ní Libreville láti tako ìwà náà. Ẹni tó bá rántí ohun tí wọ́n rí nínú igbó Soka ní ìlú Ìbàdàn, ní oṣù Kẹta, ọdún 2014, yóò mọ̀ pé ìbẹ̀rù irú èyí ní orísun.

Fún àwọn àlejò, ewu rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Nàìjíríà àti Benin wà ní Libreville, wọ́n sì mọ̀ pé bí ìlú bá gbóná, àlejò ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ sára rẹ̀. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjà ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín Ààrẹ Omar Bongo àti Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Benin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin ni Gabon lé kúrò nílẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá kàn dá òbí tí ẹ̀rù ń bà lóhùn pé "irọ́ ni" kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kó sọ ọmọ tí wọ́n ní ó sọnù, bóyá wọ́n ti rí i, ohun tí ọlọ́pàá sọ, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀?

Kí ẹ̀rọ tó dé, èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, FactCheck.org bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, PolitiFact sì tẹ̀ lé e ní 2007. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Africa Check bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 ní South Africa, kó tó wá ṣí ọ́fíìsì sí ìlú Èkó. Dubawa dé sí Nàìjíríà ní ọdún 2018.

Ìṣòro wọn kan náà ni: irọ́ ń sáré ju èèyàn lọ. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, nígbà tí Ebola wà ní Nàìjíríà, òru ọjọ́ kan péré ni ọ̀rọ̀ fi tàn ká orílẹ̀èdè pé kí àwọn èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ọ̀pọ̀ ti ṣe é kí àwọn dókítà tó la ohùn. Àwọn kan bá ara wọn nílé ìwòsàn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ní Yunifásítì Texas ní Arlington, wọ́n ṣe ClaimBuster, tó ń ka ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú tó sì ń yọ gbólóhùn tó yẹ ká yẹ̀ wò jáde. Ní ọdún 2019, Google fún Full Fact, tó wà ní London, ní mílíọ̀nù méjì dọ́là láti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Africa Check àti àwọn mìíràn. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò Nàìjíríà lo ẹ̀rọ Full Fact nígbà ìdìbò ọdún 2023.

Iṣẹ́ tí irú ẹ̀rọ báyìí mọ̀ ọ́n ṣe jù ni méjì. Ó lè ṣa gbólóhùn tó yẹ ní wíwádìí láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀. Ó sì lè mọ̀ pé àgbọ́sọ tó jáde lónìí ni àwọn èèyàn ti yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tó kàn pààrọ̀ aṣọ.

Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀ lórí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ AI tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni òǹkàwé nílò lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà?

Bí a bá kó ìtàn Libreville àti ti Nàìjíríà pọ̀, nǹkan mẹ́fà ló hàn gbangba:

- Kó fi ẹ̀rí hàn. Kó sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ tó ń sọ, kí òǹkàwé lè lọ wò ó fúnra rẹ̀. "Irọ́ ni" nìkan kò tó.
- Kó dáhùn ìbéèrè tí èèyàn bi í. Pé fídíò jẹ́ gidi kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e kiri jẹ́ òótọ́.
- Kó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2019, ìdáhùn tó dára jù lórí ìlera Ali Bongo ni pé ẹ̀rí kò tíì tó, kó sì sọ ohun tó kù láti mọ̀.
- Kó kọ ọjọ́ síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ òótọ́ láàárọ̀ lè yí padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣàṣìṣe, kó sọ ọ́, kó sì tún un ṣe ní gbangba.
- Kó gbọ́ èdè aráàlú. Ohùn tí wọ́n ká sórí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ àgbọ́sọ ń bá rìn. Ẹ̀rọ tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò wúlò fún ìyá oníṣòwò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ kò lè yọjú wo inú WhatsApp ẹnikẹ́ni. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i.
- Kí èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó lè pe ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn tàbí ẹbí, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, Gabon dìbò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì kéde kónílé-ó-gbélé. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn fẹ́ dènà ìròyìn òfégè àti ìpè fún rògbòdìyàn. Wọ́n tún dá RFI, France 24 àti TV5 Monde dúró.

Fún ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀, àwọn tó ń tan irọ́ kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Àwọn tó fẹ́ wádìí òótọ́ pẹ̀lú kò rí i lò. Ẹ̀rọ tó gbọ́n jù láyé kò wúlò fún ará Sibang ní àwọn ọjọ́ náà.

Ní ìdájí ọjọ́ 30 oṣù náà, wọ́n kéde pé Ali Bongo ló wọlé. Kò pẹ́ sí i, àwọn ọmọ ogun fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gbàjọba. Ọ̀gágun Brice Oligui Nguema ló di olórí. Íntánẹ́ẹ̀tì padà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Lára ohun tó kọ́kọ́ gba orí fóònù kan ni fídíò Ali Bongo fúnra rẹ̀, níbi tó jókòó sí nínú ilé, tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé pé kí wọ́n pariwo.

Fídíò gidi ni èyí náà.

Àmọ́ lẹ́yìn ohun tí ojú Libreville ti rí láti ọdún 2018, ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé ta ló yà á, níbo, àti lọ́jọ́ wo, kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni ẹ̀rọ tó bá fẹ́ ran òǹkàwé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn.