Ìtàn Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnì àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Á Máa Pààrọ̀ Rẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan tó dé ilẹ̀ wa ni epo pupa ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ọ́ìlì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ń kó epo láti Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti àwọn ìlú mìíràn gba orí omi wá sí Èkó, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ti ń gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń fi apá kan ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Apá mìíràn ni wọ́n ń fi pa ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, kí irin má baà ha irin jẹ. Wọ́n tún ń lo ọ̀rá ẹran àti epo lárà. Epo lárà yìí wà nínú ọ́ìlì Castrol tí ilé iṣẹ́ Charles Wakefield gbé jáde ní 1909.

Ooru ni ọ̀tá àwọn epo wọ̀nyí. Bí ẹ̀rọ bá ti gbóná, wọ́n á ki, wọ́n á sì kan. Ní 1866, John Ellis, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ́ìlì ẹ̀rọ láti inú epo rọ̀bì sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ló wá di Valvoline. Irú ọ́ìlì yẹn náà ni ọ́ìlì lásán tí à ń rà lónìí: wọ́n fọ epo rọ̀bì, wọ́n yọ ìda àti ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n wá po kẹ́míkà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo ṣì wà pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ á kọ́kọ́ jóná, ìyókù á máa ki sí i.

Ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ló ń to èròjà rẹ̀ pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè rí bákan náà. Charles Friedel àti James Crafts ti ṣe irú epo bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1877, àmọ́ Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ́ di kòṣeémánìí. Epo rọ̀bì wọ́n àwọn ará Jámánì, wọ́n sì ń wá ọ́ìlì tí kò ní dì nínú òtútù Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn ogun, ẹ́ńjìnì bàálù jẹ́ẹ̀tì gbà á. AMSOIL gbé tirẹ̀ jáde fún mọ́tò ní 1972, Mobil 1 tẹ̀ lé e ní 1974. Ìlérí AMSOIL ni máìlì 25,000, tó jẹ́ bíi kìlómítà 40,000, tàbí ọdún kan kí èèyàn tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Mobil gbé Castrol lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yanjú aáwọ̀ ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, torí pé Castrol ń pe ọ́ìlì tí wọ́n fọ̀ láti inú epo rọ̀bì ní síńtẹ́tíìkì. Ní 1999, ìgbìmọ̀ náà gbè sẹ́yìn Castrol. Nítorí náà, epo rọ̀bì tí wọ́n fọ̀ gidigidi ló wà nínú ọ̀pọ̀ gálọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ “fully synthetic” sí lára. Ó dára ju ọ́ìlì lásán lọ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú síńtẹ́tíìkì àtijọ́.

Ní Nàìjíríà níbí, ọ̀rọ̀ náà ní ìrora tirẹ̀. Epo rọ̀bì wa fúyẹ́, ó dára fún pẹtiróòlù, kò dára fún ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìfọpo Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, epo tó ki láti òkè òkun ni wọ́n ṣètò pé kí ẹ̀ka ọ́ìlì rẹ̀ máa lò. Ẹ̀ka náà ti dákẹ́ tipẹ́. Epo ìpìlẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ Àpápá fi ń po ọ́ìlì, láti òkèèrè ló ń wá.

Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ìjàpá ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Ìgàndò ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹ́ńjìnì ìjàpá kò ní fílítà ọ́ìlì, asẹ́ wáyà lásán ló wà nínú rẹ̀. Lítà méjì àbọ̀ ni ó ń gbà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Kìlómítà 5,000 ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Mo gbà pé irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ló kọ́ àwọn mẹkáníìkì wa ní ìṣirò tí wọ́n ń lò títí dòní, ìṣirò náà kò sì burú fún ọ́ìlì lásán.

Tòkúnbọ̀ Toyota tó ń wọ Ẹ̀gbẹ́dá nísinsìnyí yàtọ̀. Láti nǹkan bí 2010, ìwé ọ̀pọ̀ wọn tó wá láti Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n lo 0W-20 síńtẹ́tíìkì, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 10,000, ìyẹn kìlómítà 16,000. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kàwé dé. Ìwé kan náà ní kí ẹni tó ń rìn nínú eruku, tàbí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìgbà pípẹ́, gé e sí máìlì 5,000, ìyẹn kìlómítà 8,000. Ta ló ń gbé Ìkòtún tí kò sí nínú ìkejì yìí? Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí, wákàtí ń lọ, ẹ́ńjìnì ń gbóná, kìlómítà ò sì kúrò lójú kan.

Epo tí à ń jó tún wà níbẹ̀. Imí ọjọ́ (sulphur) inú rẹ̀ ń di ásíìdì nínú ẹ́ńjìnì, kẹ́míkà inú ọ́ìlì ló sì ń bá a jà títí yóò fi tán. Nígbà tí ìwọ̀n imí ọjọ́ ní Yúróòpù ti wà ní 10 nínú mílíọ̀nù, òfin wa ṣì gba 3,000 nínú dísù. Ní December 2016, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire ṣèlérí pé àwọn ò ní gba èyí tó bá ju 50 lọ mọ́. Ẹni tó ní mọ́tò dísù kò gbọdọ̀ fi ìlérí ilé iṣẹ́ ọ́ìlì nìkan ṣe ìṣirò.

Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnì yín bá ṣì le, ẹ ra síńtẹ́tíìkì, nítorí ó ń fara da ooru, ṣùgbọ́n ẹ má kọjá kìlómítà 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà. Fún kòròpe àti danfo tó ti ń jẹ ọ́ìlì, 20W-50 lásán ní kìlómítà 5,000 ló bójú mu. Èéfín ni owó síńtẹ́tíìkì yóò bá lọ. Bí kìlómítà rẹ̀ bá ti kú, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kà á.

Ayédèrú ló burú ju gbogbo èyí lọ. Àwọn kan ń ra ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti tú dànù, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń rọ ọ́ padà sínú gálọ́ọ̀nù olórúkọ. Ẹ ra ọ́ìlì ní ilé epo tàbí lọ́wọ́ aṣojú tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀. Bí mẹkáníìkì bá sì ti rọ ọ́ tán, ẹ gba gálọ́ọ̀nù òfìfo náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lu ú nídìí kí ẹ tó sọ ọ́ nù.